Ìwé Ìyá Hinderer àti Àwọn Ọmọ Kúdẹtì

Ní ọdún 1872 ni a tẹ ìwé kan jáde ní London, tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Seventeen Years in the Yoruba Country. Láti inú lẹ́tà àti ìwé ìrántí Anna Hinderer ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ, lẹ́yìn tí ó ti sùn nínú Olúwa ní 1870. Ẹni tí ó bá dúró lórí Òkè Mápó kò jìnnà sí Kúdẹtì, níbi tí òun àti David Hinderer ọkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti tẹ̀dó. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa kà á, kí wọ́n sì kà á pẹ̀lú ìmòye.

Ìfaradà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn nínú ìwé yìí: ibà, àárẹ̀, àti ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, tí ó sé ọ̀nà etíkun mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ta ẹrù ilé kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Ìtàn náà ń mú omi bọ́ lójú. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, kì í ṣe níbẹ̀ ni iyì ìwé náà wà. Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Àwa tí kì í dÍfá kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ẹnì kan lè béèrè pé, bí wọ́n bá ń wo iwájú, èéṣe tí àká wọn fi gbẹ nígbà ogun? Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n àká kan wà fún àgbàdo, òmíràn sì wà fún ènìyàn. Èyí èkejì ni ìyá yìí ń kún.

Ó gba ọmọ sínú ilé, kì í ṣe sínú yàrá ẹ̀kọ́ nìkan. Lábẹ́ òrùlé òun àti ọkọ rẹ̀ ni Daniel Olúbí, tí ó ti Abẹ́òkúta bá wọn wá, ti kọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, Olúbí ni a fi ìjọ lé lọ́wọ́. Ní 1871 a fi í joyè díákónì. Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa kò tú ká.

Àbùkù ìwé náà kò ṣeé bò. Ibi tí ìyá kú sí ni àwọn tí ó kó o jọ ti pa á dé, bí ẹni tí ó ròyìn ìgbìn tí kò dúró de ìkórè. Olúbí ń kọjá nínú rẹ̀ bí ọmọ tí ń gbé omi la ìyẹ̀wù kọjá. Àwọn ọmọ kò sì dàgbà rí níbẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n títí dé òpin. A mọ ìdí rẹ̀: àwọn ọ̀rẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kọ lẹ́tà sí, ìròyìn ọmọdé ni wọ́n sì fẹ́ràn. Kò bímọ, ìfẹ́ ọmọ sì kún ọkàn rẹ̀. A kò lè fi gbogbo rẹ̀ pe ètò.

Olúbí, tí ó kú ní 1912, náà kọ ìwé ìrántí iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ C.M.S. Ẹni tí ó bá ti ka ti ìyá tán, kí ó wá ti ọmọ kà tẹ̀ lé e.