Ọ̀rọ̀ tí Kò Dá Ọjọ́

Ní ìkóríta Anloga, ní ìlú Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, ni àwọn onípákó àti gbẹ́nàgbẹ́nà pọ̀ sí jọjọ fún ọdún púpọ̀, kí a tó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Sokoban. Bí ẹnì kan bá san àsansílẹ̀ owó ibùsùn níbẹ̀, tí gbẹ́nàgbẹ́nà sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé "soon", kí ni ó mú lọ sílé? Ìrètí ni, kò mú ọjọ́ kankan lọ.

Àṣà yìí kò mọ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́. Òmìnira pàápàá, tí gbogbo ènìyàn ń retí, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fi wé e. Ẹgbẹ́ UGCC, tí a dá sílẹ̀ ní Gold Coast ní 1947, ń fẹ́ ìjọba ara-ẹni ní "shortest possible time". Nígbà tí Kwame Nkrumah dá ẹgbẹ́ CPP sílẹ̀ ní 1949, "Now" ni igbe tirẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1957 ni "Now" náà tó dé.

Ní Èkó, ní oṣù kẹta 1953, Anthony Enahoro dá ọdún: ó ní kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní 1956. Ahmadu Bello ní kí a fi "as soon as practicable" rọ́pò rẹ̀. Ìjà ńlá ni ó bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tàn ni ó mú Àríwá kọ̀ láti dá ọdún. Wọ́n rò pé àwọn kò tíì gbára dì. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà bo ìbẹ̀rù wọn mọ́lẹ̀, kò sì jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1960 ni òmìnira dé.

Òtítọ́ ni pé "láìpẹ́" ti Yorùbá kò sàn ju "soon" lọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tún ní ọ̀rún òní, ìsán òní àti ìtàdógún òní, tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ ọjà. Àgbà tí ó ní ogún ọdún ń bọ̀ wá kù ọ̀la, ó ka iye ọdún rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé nǹkan kan "ń bọ̀ láìpẹ́", kí olùkọ́ má kàn fi àmì dáadáa sí i. Kí ó bi í pé: ọjọ́ wo? Bí kò bá sì sí ọjọ́, kí ọmọ náà kọ ìdí rẹ̀.