"Àbùdá" Kọ́ Ni Wọ́n Yí Padà: Lámèyítọ́ Èdè-Ìperí Kan láti Ifangni

Gbólóhùn tí a sábà ń gbọ́ lórí rédíò ni "ohun ọ̀gbìn tí a yí àbùdá rẹ̀ padà". Mo fẹ́ yẹ ẹ́ wò, nítorí pé ní Ifangni níbí, tí Ìgòlò ti jẹ́ ẹnu ibodè wa sí Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìdí àpò ẹ̀wà.

Ní 2019 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí àwọn onímọ̀ ní Sàmárù, Zaria, ṣiṣẹ́ lé lórí. Jíìnì kan láti ara Bacillus thuringiensis, bakitéríà inú ilẹ̀, ni wọ́n fi sínú rẹ̀ kí kòkòrò Maruca má baà jẹ ẹ́ run lóko. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìjọba ti dá irú ohun ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ dúró fún ọdún 5 ní 2002, wọ́n sì fi ọdún 5 mìíràn kún un ní 2008. Ẹ̀wà kì í gbé ìwé ìrìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ bi ìyá ẹlẹ́wà léèrè irú èyí tó ń tà, ọ̀rọ̀ wo ni yóò fi bi í?

"Àbùdá" kò lè ṣe é. Nínú ẹ̀kọ́ ìró, a ń sọ pé ìránmúpè jẹ́ àbùdá fáwẹ̀lì kan: ohun tí etí gbọ́ ni. Jíìnì kì í ṣe ohun tí à ń rí. Àbùdá ni àbájáde rẹ̀. "Yí padà" náà kò sọ ohun tí wọ́n ṣe. Àgbẹ̀ tó ń ṣa irúgbìn tó dára jù pamọ́ lọ́dọọdún ń yí àbùdá àgbàdo rẹ̀ padà, láìmú jíìnì kankan wá láti ibòmíràn. Èyí tó burú jù ni pé etí ará ọjà ń gbọ́ "dá" inú ẹ̀dá àti Ẹlẹ́dàá nínú àbùdá, a sì bọ́ sínú àríyànjiyàn ẹ̀sìn kí a tó mọ ohun tí a ń jà lé lórí.

Ẹ wo ìnsúlíìnì. Láti 1982 ni wọ́n ti fọwọ́ sí èyí tí wọ́n fi jíìnì ènìyàn sínú bakitéríà ṣe. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B, tí wọ́n lo ìwúkàrà fún, tẹ̀lé e ní 1986. Ọgbọ́n kan náà ni. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n yí àbùdá abẹ́rẹ́ alátọ̀gbẹ padà. Èdè-ìperí tó bá ẹ̀wà wí, tó fi oògùn sílẹ̀, ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò lè gbà wá níbí. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló dá lé. Àyálò náà kò tó. Ọmọ tó kàwé ní Faransé ń sọ ADN. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kàwé ní Ìpókíá ń sọ DNA. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni, wọ́n kàn tún wọn tò.

"Lọ́" ni mo fara mọ́. Bíbélì Yorùbá ti lò ó nínú Róòmù orí 11 fún ẹ̀ka igi tí a mú sára igi mìíràn. Ẹ̀wà tí a lọ́ jíìnì sí. Bakitéríà tí a lọ́ jíìnì sí. Ẹnìkan lè ní yóò ta kora pẹ̀lú àlọ́ tí a ń pa fún ọmọdé, ṣùgbọ́n gbólóhùn yóò ya wọ́n sọ́tọ̀. Àlébù gidi rẹ̀ wà níbòmíràn: ẹ̀ka tí a lọ́ kì í yí irúgbìn igi tó gbé e padà, jíìnì tí a lọ́ sí ẹ̀wà sì ń bá irúgbìn lọ. Àgbẹ̀ tó ń pa irúgbìn mọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìyẹn nínú orúkọ. "Ẹ̀wà tí a lọ́ jíìnì sí dé inú irúgbìn" gùn, àmọ́ òun ni mo fi ń kọ́ kíláàsì mi báyìí.