Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ohùn Àyìnlá

Bí wọ́n bá ti gbé àwo Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, sí i níbi ìnáwó l'Ábẹ́òkúta, ohùn ọmọ Ìtokò yẹn ni gbogbo èèyàn ń jó sí. Èmi tí mo ń fi ìlù jẹun, ọwọ́ Adéwọlé Aláo Onílùọlá ni mò ń fetí wá. Òun ni olórí onílù ẹgbẹ́ Àyìnlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán rẹ̀ ló wà lára páálí àwo.

Nínú àwọn àwo tí EMI ṣe fún wọn láwọn ọdún 1970, orin kì í dúró. Kí ọ̀kan tó tán lójú àwo, òmíràn ti wọlé, ìlù ló sì ń mú un wọlé. Àyìnlá á pa òwe tán, àwọn elégbè á gbà á. Gángan á fún ọṣán mọ́ra, ohùn rẹ̀ á lọ sókè, á fọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, á tún já a sílẹ̀. Kí ohùn ọ̀hún tó balẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àkúbà ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ètò orin nìyẹn. Níbòmíràn, èèyàn á gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀. Nídìí àpàlà, wọ́n á ní ó mọ ìlù lù, ó parí. (Tony Allen tó lùlù fún Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta míràn, ayé ti mọ̀ ọ́n.)

Dídákẹ́ ló ṣòro jù. Onílù tọ́wọ́ rẹ̀ yá máa ń fẹ́ fèsì sí gbogbo gbólóhùn, á wá bo olórin mọ́lẹ̀. Bí Àyìnlá bá ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ẹnì kan, ìlù Adéwọlé á rọra máa rìn nísàlẹ̀ bí àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ìgbà tí Àyìnlá bá mí ló tó sọ tirẹ̀, ṣókí. Abẹ́ apá sì lọ̀rọ̀ wà: fún ọṣán jù díẹ̀, àdúrà á di èébú, àwọn tó gbọ́ ìlù á sì fi ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ayinla jáde lọ́dún 2021, ìjà olórin àti ikú rẹ̀ lóṣù Kárùn-ún ọdún 1980 ni wọ́n tún ń sọ kiri. N ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ Àyìnlá alára a máa dárúkọ onílù rẹ̀ nínú àwo. Àwa tó ń gbọ́ ọ ni ò kà á sí.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, n kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kọ̀ǹgó títí wọ́n á fi lè sọ ibi tí Adéwọlé ti dákẹ́ lójú àwo kan fún mi. Wọ́n ń kùn, pé ìlù làwọn wá kọ́.