Iṣẹ́ Ẹ̀yìnkùlé

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ gbé áàpù atúmọ̀-èdè tí mo kọ fún, nínú ìsọ̀ wọn ní ọjà Bódìjà, lórí fóònù wọn tó ti pẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ojú fóònù funfun. Wọ́n tún un tẹ̀, kò mira. Nígbà tó yá, fóònù bi wọ́n bóyá kí òun pa áàpù náà nítorí pé kò dáhùn. Wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Gbà, ọmọ mi, ó ti dákú."

Kò dákú. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ń ka fáìlì tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wà nínú rẹ̀, ó ń tò wọ́n sínú dátábéèsì, orí main thread ló sì ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Main thread yìí ló ń ya ohun tí à ń rí, òun náà ló ń gbọ́ ìka wa. Ojú fóònù tó wọ́pọ̀ ń yí àwòrán padà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìdá 16 péré nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fọwọ́ kàn án tí kò dáhùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5, Android á gbà pé áàpù ti dákẹ́. Ohun tí ìyá mi rí ni Android náà rí.

Àmì ohùn wa ló ń gba àkókò jù níbẹ̀. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹnì kan á mú ẹ, á fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíì á mú é, á fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíì á mú e lásán, á fi àmì abẹ́ ṣíwájú ti òkè, tàbí ti òkè ṣíwájú ti abẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin, ojú wa ò sì rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n dátábéèsì á kà á sí ohun mẹ́rin. Mo gbọ́dọ̀ sọ gbogbo wọn di ọ̀kan, kí n tún ṣe ẹ̀dà tí kò lámì rárá, kí ẹni tó bá tẹ "oko" lè rí ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Mi ò gbà kí a fo iṣẹ́ yìí torí pé ó lọ́ra. Bí a bá fò ó, ọ̀rọ̀ á wà nílé, ẹni tó ń wá a kò ní bá a.

Níbi ìnáwó, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná, kí èéfín má bàa bá àlejò ní pálọ̀. Ibẹ̀ ni mo gbé iṣẹ́ náà lọ. AsyncTask la máa ń lò tẹ́lẹ̀, kó tó di pé Google ní ká fi í sílẹ̀ nígbà tí Android 11 dé ní 2020. Coroutine inú èdè Kotlin ni mo ń lò báyìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: ìlà kan á rán iṣẹ́ lọ sẹ́yìn, èsì á sì padà síwájú bó bá ti jinná. Thread tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú fóònù. Ẹni tó ń dín ẹran kì í fi ọwọ́ epo tẹ́ aṣọ tábìlì; ó ń gbé abọ́ fún ẹni tó wà ní pálọ̀ ni.

SQLite, dátábéèsì tí mo lò, ló kọ́ mi ní sùúrù. Bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á máa dúró lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan títí á fi dá a lójú pé ó ti wọ ibi ìpamọ́, bí ẹni ń fi ife pọn omi odò kún àmù. Transaction ni garawa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ 500 ni mò ń kó sínú ọ̀kan, iṣẹ́ náà sì yá ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí yíyá nìkan ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bí bátìrì bá kú láàárín iṣẹ́, ohun tó wà nínú transaction tí kò tíì parí á pòórá pátápátá, kò ní ṣẹ́ku ní ìlàjì. Inú transaction kan náà ni mò ń kọ ibi tí iṣẹ́ dé sí, kí a lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Mo máa ń pa áàpù náà láàárín iṣẹ́, màá tún un ṣí, màá ka iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí iye wọn bá pé, tí ìkankan ò wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ìdùnnú tó máa ń bá mi kò kéré.

Mi ò fi òbìrìkítí tó ń yí sójú fóònù nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, torí kì í sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni. Á máa yí bí iṣẹ́ tilẹ̀ ti dúró. Iye ọ̀rọ̀ tó ti wọlé ni mò ń fi hàn. Mo sì to àwọn ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ síwájú nínú fáìlì, kí a lè wá wọn kí iṣẹ́ tó parí.

Nígbà tí mo padà sí Bódìjà, ìyá mi ò dúró kí iṣẹ́ parí. Wọ́n tẹ "oko", àwọn ọ̀rọ̀ náà tò sílẹ̀. Wọ́n ka ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ sókè, wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò, wọ́n sì wọn ẹ̀wà fún oníbàárà tó dúró níwájú wọn. Iye ọ̀rọ̀ ṣì ń gòkè nísàlẹ̀ ojú fóònù.