Ewì Iṣẹ́ ní Ẹnu Ọ̀nà Èbúté

Ìwọ̀nba ni ewì Yorùbá tí ó wọ ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó èyí tí J. F. Ọdúnjọ kọ lórí iṣẹ́ nínú Aláwìíyé. Ẹni tí kò rántí orúkọ olùkọ́ rẹ̀ mọ́ ṣì lè kà á lórí. Mo fẹ́ràn ewì náà, nítorí kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a gbé e dé Ajégúnlẹ̀, kí a tún un yẹ̀ wò níbẹ̀.

Orúkọ àdúgbò náà gan-an tó ohun àgbéyẹ̀wò. Ọkọ̀ ojú omi ni a sábà máa ń sọ pé ó gúnlẹ̀. Ní etí tèmi, ajé tí ó gúnlẹ̀ ti orí omi wá. Ẹ̀gbẹ́ Ajégúnlẹ̀ ni èbúté Àpápá wà, Ìjọ, Ìlàjẹ, Urhobo, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá sì jọ ń gbé àdúgbò náà.

Nínú ewì Ọdúnjọ, a gbọ́ ohùn agbani-nímọ̀ràn, a sì mọ ọ̀rẹ́ tí ó ń kìlọ̀ fún. Òbí àti ẹbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a sì ní kí ọmọ má ṣe fi ọkàn tán wọn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá ni ẹni tí ń gbani síṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ayé oko ni ewì náà ti jáde. Àgbẹ̀ tí ó ní ilẹ̀ àti ọkọ́ kì í dúró de ìpè ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, nítorí Ọdúnjọ fúnra rẹ̀ ṣe mínísítà ọ̀ràn ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1950.

Ní èbúté, iṣẹ́ ní olúwa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ òòjọ́ ni jíjá ẹrù ọkọ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkùnrin a jí kí ilẹ̀ tó mọ́, a dúró lẹ́nu géètì, a máa retí ìpè. Bí wọ́n bá pè é lónìí, òṣìṣẹ́ ni. Bí wọn kò bá pè é lọ́la, a padà sílé lọ́wọ́ òfo. Apá rẹ̀ tàná náà ni. Ní 1975, ọkọ̀ tí ó lé ní 400, tí sìmẹ́ńtì kún inú ọ̀pọ̀ wọn, tò sí etíkun Èkó. Nígbà náà, iṣẹ́ ni ó ń wá ènìyàn. Wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island ní 1977. Kọ̀nténà dé, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun tí ọ̀wọ́ ọkùnrin ń fi èjìká rù. Ní 2006 ni ìjọba fi iṣẹ́ èbúté lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ Nigerian Ports Authority sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni yóò pe gbogbo wọn ní ọ̀lẹ?

Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́kùnrin kan léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé, “À ń bá a yí.” Kò ní òun níṣẹ́, kò sì ní òun kò níṣẹ́. Mo ka ìdáhùn náà sí iṣẹ́ ọnà. Daddy Showkey, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí orin rẹ̀ gbòde ní àwọn ọdún 1990, sún mọ́ ọn nígbà tí ó fi orin ránṣẹ́ sí ìyá pé ara ọmọ rẹ̀ le ní àdúgbò òṣì. Ìròyìn àlàáfíà ni ó fi ránṣẹ́, kì í ṣe ìròyìn owó oṣù.

Ohun tí ń dùn mí ni ti ọmọ tí ń ké ewì Ọdúnjọ ní kíláàsì, tí bàbá rẹ̀ ti ẹnu géètì padà dé ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ewì náà kò fún ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ kankan tí yóò fi ṣàlàyé bàbá rẹ̀, àfi ọ̀lẹ. N kò ní kí a yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ewì mìíràn ni mo ń fẹ́ ní ojú ewé kejì, èyí tí géètì yóò wà nínú rẹ̀, àti ẹni tí ń ka orúkọ, àti àwọn tí a kò ka orúkọ wọn.