Ọgbọ́n Àwọn Tó Mọ Tẹ́tẹ́ Ẹṣin Níṣẹ́
Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin fún fàájì ń wá ẹṣin tí yóò borí; akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń wá iye tó pé. Bí ẹṣin bá lè borí lẹ́ẹ̀kan nínú eré márùn-ún, tí dọ́là kan yóò mú mẹ́fà wá, á ta tẹ́tẹ́ lé e. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, á káwọ́ gbera. Irú ìṣirò yìí ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Bill Benter fi kọ̀ǹpútà ṣe ní Hong Kong, tó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1994.

Ẹ lè sọ pé oríire lásán ni. Oríire a máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n olùṣètò ìdíje ti yọ tirẹ̀ kí wọ́n tó pín owó, torí náà bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gbára lé oríire á pàdánù. Sùúrù àti ìṣirò àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yìí ni mo kan sáárá sí.