Ọdún Tí Pilton Ń Sinmi: Ta Ni Kó Kọrin, Láago Mélòó?



Lọ́dún 2026 yìí, kò sí eré Glastonbury. Kì í ṣe pé ìjà dé tàbí pé owó tán. Ilẹ̀ ló ń sinmi. Oko màlúù ni wọ́n ti ń ṣe eré náà, Worthy Farm lorúkọ rẹ̀, ní abúlé Pilton ní Somerset, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Michael Eavis tó ni oko bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1970, pọ́n-ùn kan péré ni tíkẹ́ẹ̀tì, wàrà ọ̀fẹ́ sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá wá. Lóde òní, nǹkan bí 200,000 èèyàn ló ń fi bàtà òjò tẹ koríko kan náà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un ní ìsinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ṣe ní 2006, ní 2012 àti ní 2018. Àgbẹ̀ ilé wa náà mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ tó bá ti ṣá, ṣe lèèyàn ń fi í sílẹ̀.

Irú àsìkò báyìí làwọn tó fẹ́ràn eré náà máa ń jókòó kọ lísìtì àwọn tí ì bá kọrin ká ní eré wà. Ó wù mí gan-an, torí kò náni ní kọ́bọ̀, kò sì sí máníjà tí yóò sọ pé ọ̀gá òun ò ráyè. Òkú pàápàá lè wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lísìtì tí mò ń rí ò dùn lẹ́nu mi. Orúkọ ńlá lókè, orúkọ kékeré nísàlẹ̀, ó parí. Ìyẹn kì í ṣe lísìtì eré, lísìtì owó ni. Ṣebí wọ́n kọ́ wa ní ìjúbà ní kíláàsì? Ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu, àti ìgbà tó là á, wà lára ohun tó ń sọ.

Kẹ́nikẹ́ni má bi mí pé kí ló kàn wá nínú oko òyìnbó. Àwọn èèyàn wa ti débẹ̀ tipẹ́. King Sunny Adé ṣeré níbẹ̀ ní 1983, lẹ́yìn tí Island Records ti gbé àwo Juju Music rẹ̀ jáde ní 1982. Fẹlá dé ní June 1984, wọ́n sì ya fọ́nrán rẹ̀. Ní September ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun mú un ní pápákọ̀ òfurufú Èkó bó ṣe ń lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì di April 1986 kó tó kúrò lẹ́wọ̀n. Mo máa ń ronú sí i: mélòó nínú àwọn tó jó nínú oko yẹn ló mọ ibi tí ọkùnrin náà wà nígbà tí òtútù dé? Ní 2024, Fẹ́mi wà lórí Pyramid Stage ní Sátidé. Ayra Starr, Tems àti Burna Boy náà wá lọ́dún yẹn. Ní 2025, nígbà tí àìsàn ò jẹ́ kí Deftones lè wá, Skepta, ọmọ Adénúgà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ló sáré gba ipò wọn.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú gbogbo àwọn tí mo kà yìí, kò sí alápàlà, kò sí oníwákà, kò sí onífújì. Ibẹ̀ ni lísìtì tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Fúráìdé, ìrọ̀lẹ́: Hárúnà Ìshọ̀lá. Mi ò ní gbé e sórí Pyramid Stage o. Ọkùnrin tó máa ń jókòó kọrin láàárín àwọn onílù rẹ̀, kí ló fẹ́ fi sítéèjì gíga ṣe? Àgọ́ kékeré ni kí wọ́n fún un, kí gbogbo èèyàn jókòó. Ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀ ni ti oríkì. Àwo Oroki Social Club tó ṣe ní 1971, ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ló ń kì. Àpàlà ń dárúkọ èèyàn. Ẹni tí wọ́n dárúkọ á gbọ́, orí rẹ̀ á wú, á dìde, á náwó, olórin á tún rí ohun mìíràn sọ. Tí o bá kó orin yẹn wá síwájú àwọn tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni wọn nínú rẹ̀, ohùn á dùn, ìlù á dùn, ṣùgbọ́n ìdajì orin náà ti kú sọ́nà. Ẹ jẹ́ ká wá ọkọ̀ bọ́ọ̀sì mẹ́ta, ká kó àwọn ará wa láti Peckham, tagbádá tigèlè, pẹ̀lú owó tí wọ́n ti ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n jókòó níwájú. Tí Hárúnà bá kì wọ́n, tí wọ́n dìde, àwọn òyìnbó tó wà lẹ́yìn á rí ohun tí orin náà wà fún. Lójú tèmi, àwọn bọ́ọ̀sì yẹn wà lára lísìtì bí Hárúnà fúnra rẹ̀ ṣe wà. Orúkọ olórin nìkan ò tó.

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́: Àyìnlá Ọmọwúrà. Nínú fíìmù Ayinla tí Túndé Kèlání ṣe ní 2021, ètò ìrìn-àjò Lọ́ńdọ̀nù wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pa á níbi ìjà ilé ọtí l'Abẹ́òkúta ní May 1980. Kó wá parí ìrìn-àjò rẹ̀ jàre. Saláwà Àbẹ́ní ni kó tẹ̀ lé e, kó sì má kúrò títí di ọ̀gànjọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa á máa kùn pé Asake dà. Ó wà. Aago kan òru ni tirẹ̀. Ọmọ tó ka tíátà n'Ifẹ̀, tó sì kún O2 ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2023, kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwọn elégbè rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rọ́ ohùn lé ara wọn. Ilé fújì ló ti yá ohùn yẹn. Ìdí rèé tí mi ò fi ní jẹ́ kó parí eré. Òun ni kó ṣílẹ̀kùn.

Ta ló ń wọlé? Síkírù Àyìndé Barrister, láago mẹ́ta òru. Mo mọ̀ pé wọ́n ti máa ń pa àwọn sítéèjì ńlá nígbà yẹn. Kí wọ́n ṣí i. Wéré ni ìyá fújì, orin tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń jí Mùsùlùmí fún sààrì nínú ààwẹ̀. Barrister fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lọ́mọdé. Orin ìjíni ni. Àwa la wá sọ ọ́ di ti pátí, a sì ti gbàgbé pé ó ní wákàtí tirẹ̀. Ní ìparí June, oòrùn ń yọ níbẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún. Ẹ fojú inú wò ó: ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nínú àgọ́, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé wọn lọ, ni dùndún bá sọ. Kí Kọ́lińtọ̀n náà dúró ní ìkángun oko kejì kó máa fèsì, bíi tìgbà tí wọ́n ń bára wọn fà á láyé ọjọ́un. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó lọ sílé.

Sọ́ńdè lọ́sàn-án ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún àgbà olórin kan: Shania Twain ní 2024, Rod Stewart ní 2025. Kí wọ́n fi fún Sunny Adé, wákàtí mẹ́ta gbáko, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ aago sí i. Jùjú kì í tètè gbóná. Kó tó tó wákàtí kejì, onígángan rẹ̀ á ti rí ohun tó máa fi ki Eavis, onímàlúù, afúnni-ní-wàrà-má-gbowó.

Fẹlá ò sí nínú lísìtì mi. Ó ti lọ ní tirẹ̀. Ẹni tí inú ń bí, kó kọ tirẹ̀ wá kí ìwé tó ń bọ̀ tó jáde, ṣùgbọ́n mi ò gba orúkọ lásán o: kó kọ wákàtí sí i, kó sì sọ àwọn tó máa jókòó níwájú.